Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ní Ọ̀wọ̀: Ohun Tí Wákàtí Kọ̀ọ̀kan Fi Sílẹ̀ fún Máàpù Ọlọ́pàá

Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ya máàpù ìwà ọ̀daràn, ìbéèrè mẹ́ta ló máa bi gbogbo ẹjọ́ tó bá wọ tésàn: níbo ló ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó ni, kí ni wọ́n sì ṣe níbẹ̀? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹjọ́ náà á di àmì kan lójú máàpù. Bí àmì bá pọ̀ sójú kan, ọ̀gá ọlọ́pàá á rí ibi tó yẹ kí mọ́tò rẹ̀ máa yí ká, á sì rí wákàtí tó yẹ kí ó máa yí i. Iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ. Ibi tó le sí ni kí ìdáhùn mẹ́ta yẹn tó pé. Mo fẹ́ fi ọjọ́ kan tí ará Ọ̀wọ̀ kò lè gbàgbé wo ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdájí

Ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ọjọ́ náà mọ́ bá. Oríta ni Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀nà Àkúrẹ́ gba apá ìwọ̀ oòrùn wọlé, ọ̀nà Ìkàrẹ́ gba àríwá wọ Àkókó, ó sì ń lọ títí dé Kogí. Ọ̀nà Ifọ́n la ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ já, ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ẹdó. Nígbà ìkànìyàn 2006, wọ́n ka ènìyàn 218,886 ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ka 144,901 ní Ọ̀sẹ̀, tí Ifọ́n jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Láàárín ìlú kan sí èkejì, oko, abà àti igbó ọba ló pọ̀ jù. Ẹni tó mọ inú igbó yẹn lè ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìfẹsẹ̀ kan títì.

Ẹ̀rù ti ń bẹ lójú ọ̀nà wọ̀nyí kí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 2022 tó dé. Ní Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kọkànlá, ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adégòkè Adéúsì, ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́. Ní Elegbeka, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, wọ́n yìnbọn fún un, ọba sì wàjà. Ó dùn mí púpọ̀ pé ikú ọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà fi mọ orúkọ Elegbeka. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà ti mọ kọ́nà tí kì í fẹ́ kí alẹ́ bá òun sí. Àgbẹ̀ mọ ojú ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ará abà òun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ní àkọsílẹ̀ tiwọn. Tésàn Ọ̀wọ̀ ní ìwé tirẹ̀, tésàn Ifọ́n ní tirẹ̀, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo wọn ló mọ nǹkan kan. Iṣẹ́ máàpù ni láti kó ìmọ̀ tó fọ́n káàkiri bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan, kí ẹni kan ṣoṣo lè rí i pa pọ̀.

Kí aago mọ́kànlá àbọ̀ tó lù

Àwọn Kátólíìkì ń ṣe ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì, ìyẹn ọjọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ St. Francis Xavier wà ní òpópónà Owaluwa, kò sì jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀. Àwọn òbí mú ọmọ wá, àwọn arúgbó wá, ìsìn Mísà sì ń lọ.

Ní wákàtí yìí, kò sí ohun kan tí máàpù lè rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí níbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ta irinṣẹ́ báyìí fún ìjọba máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà lè rí ọ̀la. Alukoro ọlọ́pàá àpapọ̀ sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà pé àwọn kan nínú àwọn agbébọn náà ṣe bí olùjọ́sìn, àwọn yòókù sì dúró yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Rótìmí Akérédolú, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, sọ pé wọ́n ti rí ilé tí wọ́n dé sí ní Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó ṣọṣẹ́, pé wọ́n sì ti mú ẹni tó gbà wọ́n sílé. Àlejò tó wọ̀ sílé ènìyàn kò tíì ṣẹ̀ sófin, ẹnikẹ́ni kò sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò lè di àmì lójú máàpù.

Ohun tí irinṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra hàn. Ní ọdún 1990, Jack Maple, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, lẹ máàpù mọ́ ògiri títí gígùn rẹ̀ fi tó ẹsẹ̀ bàtà 55, ó sì ń fi kéréyọ́nnù sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ja èrò ọkọ̀ lólè. Nígbà tí William Bratton di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà ní 1994, ọgbọ́n yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pè é ní CompStat. Wọ́n á pe ọ̀gá tésàn síwájú àwọn ọ̀gá àgbà, wọ́n á gbé máàpù agbègbè rẹ̀ sójú, wọ́n á bi í léèrè ìdí tí àmì fi pọ̀ síbí, àti ohun tó ti ṣe sí i. Ìdigunjalè lójú ọ̀nà kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjínigbé ní kọ́nà kan náà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ìwọ̀nyí ni ó máa ń fi hàn kedere. Bí àmì Elegbeka bá wà lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá kan sì ní láti dáhùn fún un níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, èrò ọ̀nà Ifọ́n ì bá mọ ẹni tí wọ́n máa bi léèrè.

Aago mọ́kànlá àbọ̀

Ìsìn ti fẹ́ parí. Nǹkan bí aago 11:30 ni ọ̀pọ̀ ìròyìn sọ. Bọ́ǹbù dún, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró láti ìta wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà tó ṣe ìsìn náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ó tó ìṣẹ́jú ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n fi pa wọ́n ní ìpakúpa. Àwọn ènìyàn sá lọ sí yàrá tí àlùfáà ti ń múra, àwọn mìíràn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga, àwọn ìyá fi ara bo ọmọ wọn.

Àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù rí mẹ́ta tí kò bú nínú ọgbà náà, wọ́n sì ṣa ìkaraun ọta ìbọn AK-47. Ní tésàn, gbogbo èyí lè wọ ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé: ọjọ́, aago, òpópónà Owaluwa, ìpànìyàn. Lórí máàpù, yóò jẹ́ àmì kan, bóyá tó tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà má gbàgbé pé àwọn ènìyàn tó wá kí Ọlọ́run wọn ni àmì yẹn dúró fún.

Ọ̀sán gangan

Wákàtí yìí ni mo rò pé máàpù ì bá ti wúlò jù, kì í ṣe òwúrọ̀.

Àwọn agbébọn náà kò fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ọlọ́pàá sọ pé wọ́n já mọ́tò Nissan Sunny aláwọ̀ wúrà kan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n fi sá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ute. Wọ́n rí mọ́tò náà lẹ́yìn náà. Ẹ wo ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Ìjámọ́tògbà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kejì, ó ní ibi àti aago tirẹ̀, ó sì ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ mọ́tò náà ti di mímọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ náà ti di mímọ̀. Ìlú Ute sì wà ní Ọ̀sẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Ọ̀wọ̀ nìkan, ó ti di ti ìjọba ìbílẹ̀ kejì.

Níwájú ọlọ́pàá tó ní máàpù ojú ọ̀nà nínú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè wákàtí yẹn jẹ́ ti ìṣirò: mọ́tò kan kúrò ní Owaluwa níwọ̀n báyìí, ó gba ọ̀nà báyìí, ibo ló lè ti dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibo ní ogún ìṣẹ́jú? Oríta wo ló kù níwájú rẹ̀? Ọ̀nà oko wo ló yà kúrò lójú títì? Ta ló wà nítòsí, ọlọ́pàá ni àbí Àmọ̀tẹ́kùn, àbí ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé? Àwọn ọdẹ Ọ̀sẹ̀ mọ igbó wọn ju ẹnikẹ́ni tó jókòó ní Àkúrẹ́ tàbí Àbújá lọ. Bí a bá fi ìmọ̀ wọn sínú máàpù ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ abà, odò àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ìwé ìjọba kò mọ̀, a lè ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ ní ìṣẹ́jú tó yẹ.

Nọ́ńbà 112 ni ìjọba àpapọ̀ yàn fún ìpè pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó yẹ kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbé ibi tí ẹni tó ń pè wà wá pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ibi púpọ̀ ní abúlé wa kò ní nọ́ńbà ilé. Àdírẹ́sì tí a mọ̀ ni “lẹ́yìn ilé Baálẹ̀” tàbí “kí o tó dé afárá”. Ará àdúgbò á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè fi í sójú ibì kan. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa lè sọ ojú ibi tí a dúró sí nípasẹ̀ GPS. Ọlọ́pàá tó bá lọ wo ibi ìṣẹ̀lẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó kúrò, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Aago kan sí aago mẹ́rin

Wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, àti sí ilé ìwòsàn Kátólíìkì St. Louis. Wọ́n ké sí àwọn dókítà tó wà nílé, wọ́n ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àwọn ènìyàn sì jáde wá. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọjọ́ náà, èyí ló mú orí mi wú: ìlú tí jìnnìjìnnì ti bò ṣì na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ní wákàtí kan náà, iye tí wọ́n ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra. Aṣòfin kan ní kò dín ní àádọ́ta. Nígbà tó yá, NEMA, àjọ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ní méjìlélógún. Ìròyìn kan ní wọ́n ti jí àlùfáà gbé lọ, ó sì tàn kálẹ̀ dé òkè òkun kí Rẹ́fúrẹ́ńdì Augustine Ikwu, agbẹnusọ fún díósísì Oǹdó, tó jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí àlùfáà tí wọ́n jí gbé. Ó di ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà kí Gómìnà Akérédolú tó fi iye kan lélẹ̀: ogójì ènìyàn ló kú, 61 ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, 26 ti padà sílé. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 127.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé iye kò dọ́gba lọ́jọ́ ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni ìyà tó ń jẹ àkọsílẹ̀. Láti 2006 ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Nigeria Watch, tó fìdí kalẹ̀ sí ilé ìwádìí IFRA ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti ń ka ikú oró ní Nàìjíríà, ìwé ìròyìn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà á láti inú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ikú láti inú ìwé ìròyìn, iye tí ìwé ìròyìn bá gbé ni yóò rí. Ìwé tó yẹ kó lágbára jù ni ti tésàn àti ti ilé ìwòsàn, tí wọ́n bá fi ara wọn wé ara wọn, tí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i. Bí àṣìṣe bá wọ inú kọ̀ǹpútà, yóò jáde ní àwọ̀ tó dára, pẹ̀lú àmì tó ń dán, ẹni tó bá wò ó á sì gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ìrọ̀lẹ́

Gómìnà Akérédolú, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, wà ní Àbújá fún ètò ẹgbẹ́ òṣèlú APC. Ó fi í sílẹ̀, ó padà wálé, ó dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ àti ilé ìwòsàn. Ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ara wọn gbẹ̀san.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn kan máàpù gidigidi. Bí àmì bá ti pọ̀ sójú kan, ojú ènìyàn kì í pẹ́ kúrò lára ibi, kó sì bọ́ sára àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, àwọn Hausa, Fúlàní, Ebira àti Ìgbò ń gbé pẹ̀lú wa, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin màálù, wọ́n ń ta ọjà. Ọlọ́pàá tó bá ya gbogbo abà wọn ní àwọ̀ pupa nítorí ẹ̀yà wọn ti kúrò nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá Los Angeles ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí ọ̀daràn máa dé ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, wọ́n pa á tì ní 2020. Ní ọdún kan náà, ìlú Santa Cruz, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo irú rẹ̀, fi òfin de é. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí ọlọ́pàá bá ti ń lọ jù ni wọ́n ti máa ń mú ènìyàn jù, kọ̀ǹpútà á sì tún rán wọn padà síbẹ̀. Ní New York náà, wọ́n tú àṣírí àwọn ọlọ́pàá tó ń sọ ẹ̀sùn ńlá di kékeré nítorí kí máàpù agbègbè wọn lè dára lójú ọ̀gá. Ẹni tó bá ń fẹ́ irinṣẹ́ yìí fún ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ́dọ̀ fẹ́ ohun tó máa ṣọ́ irinṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Alẹ́, àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e

Lálẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ Ọ̀wọ̀ wà lẹ́nu gbogbo ayé. Póòpù Francis ránṣẹ́ pé òun ń gbàdúrà fún wọn. Ní 9 oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ ààbò àpapọ̀ sọ pé ọwọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí ISWAP ni wọ́n fura sí. Láàárín oṣù náà, gómìnà fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, ilé ìtura àti irú ibi bẹ́ẹ̀ ní kámẹ́rà CCTV.

Kámẹ́rà dára. Àmọ́ Nàìjíríà ti fowó kọ́gbọ́n lórí rẹ̀: ní 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ kámẹ́rà Èkó àti Àbújá fún ilé iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 470 mílíọ̀nù dọ́là, iṣẹ́ náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ohun èlò dé, ìtọ́jú kò tẹ̀lé e.

Nígbà tí ọwọ́ wá tẹ àwọn tí wọ́n fura sí, ẹ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ológun sọ pé wọ́n mú àwọn kan ní Eika, ní ìjọba ìbílẹ̀ Okehi, ìpínlẹ̀ Kogí, ní 1 oṣù kẹjọ. Wọ́n mú àwọn mìíràn ní 9 oṣù kẹjọ ní Omialafara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí kan náà tí mọ́tò aláwọ̀ wúrà yẹn kọrí sí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, DSS gbé ènìyàn márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n sọ pé àwọn kò jẹ̀bi. Adájọ́ ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ní tèmi, ìlà kan hàn kedere láti Okehi wá sí Ọ̀wọ̀, àti láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ọ̀sẹ̀, ààlà ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ kò sì dá a dúró rárá. Máàpù tó bá parí sí ààlà tésàn kò ní rí i láéláé.

Kò yẹ ká sọ pé a kò lẹ́ni tó lè ṣe é. Láti 1972 ni ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí, ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ Áfíríkà ní bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà àti àwòrán láti ojú ọ̀run ya ilẹ̀. Òfin náà kò sì ṣàìsí: ACJA, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, ti ní kí ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ibi kan tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ọ̀daràn jọ sí, kí wọ́n sì máa jábọ̀ àwọn tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Nítorí náà, mo bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn, àti alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀: ẹ kó ìwé tésàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó kàwé ní Ifẹ̀ tẹ̀ wọ́n sójú máàpù kan ṣoṣo, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, ẹ pe àwọn ọdẹ àti awakọ̀ wá tún orúkọ ibi ṣe, kí ẹ sì máa fi iye hàn fún ará ìlú ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó ń kà á náà, bí o bá fẹjọ́ sùn ní tésàn, má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ aago àti ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ.